"Ilẹ̀ Le Jù fún Ẹṣin": Kí Ni Wọ́n Ń Sọ Gan-an?

Bí ìdíje ẹṣin ńlá kan bá ń bọ̀ lókè òkun, tí òjò ò sì rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ pé àwọn agẹṣin kan ti yọwọ́. Ẹṣin wọn ò tiro. Kò sí èyí tó ṣubú. Ohun tí wọ́n á kàn sọ ni pé ilẹ̀ le jù fún un, wọ́n á kó ẹṣin wọn sínú ọkọ̀, ó di ilé. Ẹni tó bá ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Chálẹ́ńjì n'Ìbàdàn á rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ le? Orí kí ni wọ́n tún fẹ́ kí ẹṣin sáré lé, tìmùtìmù?

Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu. Ojú gbogbo wa ni àwọn ẹṣin Ojúde Ọba ṣe ń jó lórí títì ọlọ́dà ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá, tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ẹrẹ̀ la sì mọ̀ tó ń yọ èèyàn àti ẹranko ṣubú. Kí ló wá dé tí ẹni tó ti fi odidi ọdún kan múra ìdíje yóò fi sá fún ilẹ̀ gbígbẹ?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ ẹṣin. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú eré tí à ń sọ.

Irú ìdíje wo nìyí?

Eventing ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹṣin kan àti agẹṣin kan náà ni yóò ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ti ìgbọràn: ẹṣin á rìn, á yí, á dúró bí agẹṣin bá ṣe darí rẹ̀, àwọn adájọ́ á sì fún un ní máàkì. Èkejì ni cross-country, tí mo máa pè ní eré orí pápá nínú àlàyé yìí: ẹṣin á sáré gba orí koríko, abẹ́ igi, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti inú omi, á máa fo ìtì igi, kòtò àti àwọn ìdènà mìíràn tí ọ̀pọ̀ wọn kì í yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta ni fífo àwọn ọ̀pá tó máa ń já bọ́ bí ẹsẹ̀ bá fi lè kàn wọ́n. Àwọn ológun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti fi dán ẹṣin ogun wò, ó sì wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní Stockholm lọ́dún 1912.

Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń pín ipele rẹ̀, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún. Ìdíje ẹṣin ti Badminton, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1949, àti ti Burghley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní ipele márùn-ún. Ti Kentucky ní Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Ní ipele yìí, mítà 570 ni wọ́n retí kí ẹṣin máa sá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn lé ní kìlómítà 34 ní wákàtí kan, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 11, ìgbà tó sì máa fò láàárín rẹ̀ lè tó 45. Ẹni tó bá pẹ́ ju àkókò tí wọ́n dá, máàkì ìjìyà 0.4 ni fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ohun kékeré, àbí? Ìṣẹ́jú àáyá 20 péré ti di ìjìyà 8, iye kan náà pẹ̀lú ọ̀pá méjì tó já bọ́ ní iṣẹ́ kẹta. Àwọn kan ti fi èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ pàdánù ipò kìíní.

Àkókò yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Bí kì í bá ṣe torí rẹ̀, agẹṣin á kàn fa ìjánu kí ẹṣin máa rọra lọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ líle ò sì ní tó ohun tí wọ́n ń kéde.

Ilẹ̀ wo la lè pè ní líle?

Gbogbo ilẹ̀ gbígbẹ kọ́ ló le. Iyanrìn gbígbẹ létí òkun kì í le. Ilẹ̀ líle ni èyí tí omi ti tán nínú rẹ̀, tí erùpẹ̀ rẹ̀ ti kì mọ́ra tí kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́, tó jẹ́ pé bí nǹkan tó wúwo bá bọ́ lé e, kò ní gbà á wọlé. Ilẹ̀ amọ̀ ló burú jù nínú èyí. Tí òjò bá pọ̀, ó ń fà. Tí oòrùn bá mú, ó gan, ó sì sán. Ilẹ̀ tí koríko ti wà lórí rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sàn díẹ̀, torí gbòǹgbò tó ti hun ara wọn mọ́ra lábẹ́ ilẹ̀ ń jẹ́ kó tẹ̀ díẹ̀ kó sì padà.

Àwọn tó ń tọ́jú pápá ní ọ̀pá ìwọ̀n kan tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀, tó ń sọ agbára tí ilẹ̀ gbà kí ẹnu rẹ̀ tó wọlé. Wọ́n tún ní ẹ̀rọ mìíràn tó jẹ́ pé wọ́n á ju irin inú rẹ̀ sílẹ̀, á sì sọ bí ilẹ̀ ṣe ta á padà tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo agẹṣin fúnra rẹ̀ bó bá ń fẹsẹ̀ yẹ ọ̀nà wò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀: gìgísẹ̀ bàtà ló fi ń tẹ ilẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá wọlé, tó sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Bí kò bá wọlé rárá, á dákẹ́, á lọ sí iwájú díẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ibi tí ẹṣin máa balẹ̀ sí lẹ́yìn ìdènà ni wọ́n ń tẹ̀ jù, wọ́n sì ń padà lọ wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí ló wà nínú ẹsẹ̀ ẹṣin?

Ẹṣin tó ń ṣe irú eré yìí sábà máa ń wúwo tó kílò 500 sí 600, láì tíì ka agẹṣin àti gàárì. Tó bá dúró, nǹkan bí ìdá 60 nínú ìdá 100 ìwúwo yẹn ló wà lórí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ohun tó wá ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé ìka kan ṣoṣo ni ẹṣin fi ń tẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìka àárín. Pátákò yẹn, èékánná ìka náà ni. Ibi tí a rò pé ó jẹ́ orúnkún ní ẹsẹ̀ iwájú, ọrùn ọwọ́ ló jẹ́ lára tiwa. Láti ibẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sí ẹran kankan. Eegun, iṣan àti awọ ni. Ẹran tó ń fa àwọn iṣan náà wà lókè lọ́hùn-ún.

Ẹlẹ́dàá ò sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ pátákò, lápá ẹ̀yìn, nǹkan rírọ̀ kan wà tó rí bí orí ọfà, tó máa ń kan ilẹ̀. Lókè rẹ̀ nínú pátákò, ọ̀rá àti kèrékèré wà tó ń tẹ̀ tí ìwúwo bá dé. Ẹ̀yìn pátákò náà máa ń fẹ̀ díẹ̀, á tún padà sún mọ́ra. Eegun tó kẹ́yìn nínú ẹsẹ̀ wà nínú pátákò gan-an, ó rọ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ nípasẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọnú ara wọn. Oríkèé tó wà lókè pátákò á tẹ̀ wálẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á nà, wọ́n á tún fà á padà sókè. Bí ẹ bá rí fídíò tí wọ́n dẹ̀ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ wo oríkèé yẹn nígbà tí ẹṣin bá ń sáré tagbáratagbára. Yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Lákòókò yẹn, ìwúwo tó wà lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà ti lé ní ìlọ́po méjì ìwúwo gbogbo ara ẹṣin.

Ẹ tún un kà. Ẹṣin kílò 500, ẹsẹ̀ kan, ó lé ní kílò 1,000.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí pátákò bá kan ilẹ̀ líle?

Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ lu yangí lóṣù Ṣẹẹrẹ ti mọ ìdajì ìdáhùn. Ọkọ́ ò ní wọlé. Á ta padà, ìró rẹ̀ á gba inú ẹ̀rúùkọ́ títí dé ìgúnpá. Fi ọkọ́ kan náà lu ebè tuntun pẹ̀lú agbára kan náà, apá ò ní mọ nǹkan kan. Agbára tí o fi jù ú ò yí padà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ebè fún ọkọ́ láyè láti rọra dúró, yangí sì dá a dúró lójijì. Ìdúró òjijì yẹn gan-an ni wàhálà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pátákò. Lórí ilẹ̀ tó rọ̀ níwọ̀n, pátákò á wọlé díẹ̀, á sì yọ̀ síwájú díẹ̀ kó tó dúró. Díẹ̀ yìí kò ju ohun tí ojú lè má rí lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú agbára náà. Lórí ilẹ̀ líle, gbogbo rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ á gbọ̀n. Pátákò á gba púpọ̀ nínú ìgbọ̀n náà, oríkèé tó wà lókè rẹ̀ á gba lára ìyókù, èyí tó ṣẹ́kù á gun eegun lọ sókè.

Ẹ̀ẹ̀kan péré kò lè ṣe ẹṣin tí ara rẹ̀ le ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú 11 yẹn, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á kan ilẹ̀ ju ìgbà 1,000 lọ. Ẹ wá fi fífò kún un. Bí ẹṣin bá fo ìdènà, ẹsẹ̀ iwájú kan ló ń kọ́kọ́ balẹ̀, òun nìkan ló máa gba gbogbo ara náà kí èkejì tó dé. Tí ibi tó balẹ̀ sí bá tún rẹlẹ̀ ju ibi tó ti fò, tí ó dà bíi pé ó fò láti orí pèpéle, ọ̀rọ̀ tún le sí i.

Ibi tí ilẹ̀ líle ti ń tan èèyàn jẹ ni pé ó rọrùn láti sáré lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ kì í rì, ẹṣin kì í tètè rẹ̀, àkókò tí wọ́n dá kì í ṣòro bá. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, agẹṣin á rò pé ọjọ́ òun rèé. Bí eré bá sì ṣe ń yá sí i ni ìlù ilẹ̀ ń le sí i. Nígbà tó bá fi di ìṣẹ́jú kẹjọ, ẹṣin tó ti ń na ẹsẹ̀ gbọọrọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú. Á máa fẹ́ dúró wò kó tó fo ibi tó rẹlẹ̀. Òmíràn á kọ̀ jálẹ̀, àwọn tó ń wò á ní ojo ni. Ẹ̀rù kọ́ ló ń bà á. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ó sì ti mọ ohun tó máa bá pàdé ní òdìkejì ìdènà yẹn.

Ti ẹṣin Ojúde Ọba tó ń rìn lórí ọ̀dà ńkọ́?

Ìrìn ni wọ́n ń rìn. Bí ẹṣin bá ń rìn, ó kéré tán ẹsẹ̀ méjì ló wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹsẹ̀ mẹ́ta nígbà mìíràn, wọ́n sì jọ ń pín ẹrù náà. Ohun tó wà lórí ẹsẹ̀ iwájú kan kò ní tó ìwúwo ara rẹ̀ rárá. Ọ̀dà lè yọ̀, ó lè jẹ pátákò, ìdí nìyí tí irin fi wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lù ú bí ilẹ̀ ṣe ń lu ẹṣin tó ń sáré.

Kódà àwọn olùkọ́ ẹṣin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ mú ẹṣin rìn lórí títì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bẹ̀rẹ̀ ìmúra ọdún. Eegun jẹ́ ohun alààyè: ibi tí ẹrù bá ń wá sí díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ló ń nípọn sí i. Ẹṣin tí kò tẹ ilẹ̀ líle rí láyé rẹ̀, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú eré ni wàhálà dé. Nítorí náà ilẹ̀ líle kì í ṣe májèlé. Ilẹ̀ líle, eré, àti fífò, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lọ́jọ́ kan ni agẹṣin ń bẹ̀rù.

Ẹni tó bá máa ń lọ wo póòlò ní Ẹlẹ́yẹlé lè bi mí pé àwọn ẹṣin póòlò tó ń sáré lórí pápá ńkọ́. Ìṣẹ́jú bíi 7 ni ìpele kan nínú póòlò, lẹ́yìn náà wọ́n á gun ẹṣin mìíràn. Kò sí ìdènà tó ń fò. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn tó ni ẹṣin náà bóyá inú wọn máa ń dùn sí pápá náà nígbà ọyẹ́.

Ṣé ẹrẹ̀ wá sàn jù ni?

Rárá o. Badminton ọdún 2012 ò wáyé rárá torí omi ti kún pápá, ti ọdún 2023 sì di ẹrẹ̀ débi pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló parí rẹ̀. Ros Canter àti ẹṣin rẹ̀ Lordships Graffalo ló gbégbá orókè. Ẹrẹ̀ ń tán ẹṣin lókun, ó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, iṣan tó ti rẹ̀ sì lè ya. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní ṣókí, ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ń bá iṣan jà jù, ilẹ̀ líle ń bá pátákò, oríkèé àti eegun jà jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ẹṣin eré ìje ní Bìrìtéènì fi hàn pé ewu kí ẹsẹ̀ ṣẹ́ pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ tó le, ó sì lè jẹ́ torí pé eré ń yá jù níbẹ̀.

Èyí tí mo rò pé ó burú ju méjèèjì lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ìròyìn. Òun ni ilẹ̀ tó gan nísàlẹ̀, tí òjò díẹ̀ wá rọ̀ sí lórí. Òjò àkọ́rọ̀ lásán. Ní Ìbàdàn a mọ̀ ọ́n: òjò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, eruku di ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kadà mẹ́ta ti ṣubú kí oòrùn tó padà. Pátákò ò rí ibi tó máa wọ̀, kò sì rí ohun tó máa dì mú. Ẹṣin tó bá yọ̀ níbi tó ti fẹ́ fò á gbá ìdènà náà láyà, ọ̀pọ̀ ìdènà eré orí pápá kì í sì í yẹ̀.

Ilẹ̀ tí kò dọ́gba náà wà níbẹ̀, tó rọ̀ lábẹ́ igi, tó le ní gbangba. Ẹṣin á ti mọ irú ìlù tó ń bọ̀, ara rẹ̀ á ti múra dè é, ìṣísẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà nǹkan yí padà.

Irú ìpalára wo ló ń tìdí rẹ̀ yọ?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ̀jẹ̀ dì sí àtẹ́lẹsẹ̀ nínú pátákò, kí ẹṣin máa fi ẹsẹ̀ hàn ọ́ bíi pé òkúta ló tẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè lọ. Ní ti ẹṣin tó ṣì kéré, iwájú eegun ojúgun á dùn ún, tàbí kí kókó líle yọ sí ẹ̀gbẹ́ eegun. Oríkèé tí ilẹ̀ bá lù fún ọ̀pọ̀ ọdún á ní làkúrègbé, gẹ́gẹ́ bí ti àgbàlagbà. Àwọn awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo sọ, tó so eegun mọ́ ògiri pátákò, lè wú. Ìyẹn burú gan-an, torí pátákò ò ṣe é fẹ̀ fún ohun tó wú nínú rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sì lè sán sínú eegun láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i, títí di ọjọ́ tí eegun náà máa ṣẹ́ nínú eré mìíràn, níbi tí ilẹ̀ ti dára pàápàá.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń rú àwọn òǹwòran lójú. Ẹṣin á sáré parí lórí ilẹ̀ líle, á dúró, á mu omi, ọ̀pọ̀ èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ìnira náà lè má hàn títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí ara ti tutù. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ní àwọn ìdíje ńlá, ni àyẹ̀wò máa ń wáyé kí wọ́n tó gbà kí ẹṣin ṣe iṣẹ́ kẹta. Agẹṣin á múra dáadáa, á fa ẹṣin rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á jọ sáré díẹ̀ lọ, díẹ̀ bọ̀, níwájú àwọn adájọ́ àti dókítà ẹranko. Ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú ni wọ́n ń lò fún un. Ilẹ̀ rírọ̀ á bo ìtiro kékeré mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ líle kì í bo nǹkan kan. Àwọn tó gbọ́n níbẹ̀ kì í kàn wò, wọ́n máa ń tẹ́tí sí i. Ìró pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá dún fẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn yòókù, ẹsẹ̀ tí ẹṣin ń dá sí nìyẹn.

Kí ni agẹṣin lè ṣe lọ́jọ́ ìdíje?

Kò pọ̀. Ó lè rọra lọ, kó sì gba ìjìyà àkókò. Ó lè yan ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí koríko ti nípọn dípò àárín tí pátákò àwọn tó ṣáájú ti tẹ̀ kó máa dán. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: ẹni tó máa sáré kẹ́yìn á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìdènà, á wo bí àwọn àkọ́kọ́ ṣe balẹ̀, kó tó lọ di gàárì tirẹ̀.

Àwọn irin kéékèèké tún wà tí wọ́n máa ń yí mọ́ abẹ́ bàtà ẹṣin kó má bàa yọ̀. Lórí ẹrẹ̀, ńlá ni wọ́n ń lò. Lórí ilẹ̀ líle, kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú ló yẹ, torí èyí tó tóbi kò ní lè wọlé. Á gbé pátákò sókè kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ á máa fì. Tàbí kó di ẹsẹ̀ mú pátápátá tí yíyọ̀ díẹ̀ tó ń pa ìlù ilẹ̀ ò ní sí mọ́. Lẹ́yìn eré, wọ́n á fi omi tútù àti yìnyín sí ẹsẹ̀ ẹṣin fún ìgbà pípẹ́. Ìyẹn ń dín wíwú kù. Kò lè tún ohun tó ti sán ṣe.

Ohun tó kù ni kó yọwọ́. Owó tó san láti wọlé ti lọ, owó epo ọkọ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n iṣan ẹsẹ̀ ẹṣin tó bá ya lè gbà ju oṣù 9 lọ kó tó san, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀, òmíràn kì í sì í padà sí ipele tó wà tẹ́lẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó yọwọ́ nítorí ilẹ̀ ti fi hàn mí pé òun mọ ẹṣin rẹ̀ ju ẹni tó sáré tó sì gba ipò kẹrin lọ.

Ṣé wọn ò lè bomi rin ín ni?

Wọ́n lè ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 6, ó fẹ̀ tó mítà 10. Láti fún un ní omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan péré, lítà 600,000 ni. Bí táńkà tó ń gbé omi kiri àdúgbò bá gba lítà 10,000, ọgọ́ta táńkà nìyẹn, fún ìgbà kan. Kò sì sí ilẹ̀ gbígbẹ tí sẹ̀ǹtímítà kan ń tẹ́ lọ́rùn.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Omi tí wọ́n bá dà sórí amọ̀ tó ti gan ní ọjọ́ méjì sí ìdíje kò ní wọlé. Á ṣàn lọ, á sì fi òkè sílẹ̀ ní yíyọ̀, a tún padà sí ọ̀rọ̀ òjò àkọ́rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó lè mu ún. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí katakata ń fà, tó ń gún irin sínú ilẹ̀ tó sì ń gbọ̀n ọ́n kí erùpẹ̀ lè ṣí, láìba koríko jẹ́. Wọn kì í gé koríko mọ́lẹ̀ jù, torí koríko gígùn ń bo ilẹ̀ lójú oòrùn. Wọ́n sì máa ń da iyanrìn sí ibi tí ẹṣin ti ń fò àti ibi tó ń balẹ̀ sí. Burghley, tó ń wáyé lóṣù Kẹsàn-án lẹ́yìn ìgbà ooru wọn, ni irú iṣẹ́ yìí máa ń ká lára ju Badminton tó jẹ́ ti oṣù Karùn-ún lọ.

Ti wa ní Ìbàdàn ńkọ́?

Eré orí pápá irú èyí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹṣin wà, ẹ̀ẹ̀rùn sì wà. Láti oṣù Bélú títí dé Ẹrẹ̀nà, ibi púpọ̀ nínú ilẹ̀ wa ń di ohun tí ọkọ́ ń bẹ̀rù. Mo ti rí bàbá kan tó ń tọ́jú ẹṣin ní apá Ẹlẹ́yẹlé, ará Òkè Ọya ni, tí kì í jẹ́ kí wọ́n di gàárì láàárọ̀ kó tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti iwájú kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà á fi ìka méjì wá ẹ̀yìn ẹsẹ̀, lókè pátákò díẹ̀, á dákẹ́ bí ẹni tó ń ka nǹkan.

"Baba, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, ọ̀gá. Tó bá ń lù jẹ́jẹ́, kò sí wàhálà. Tó bá ń lù kì-kì-kì, tí pátákò gbóná, kò ní jáde lónìí."

Ohun tí dókítà ẹranko máa kọ́kọ́ ṣe náà nìyẹn. Ẹ̀yin tó ní ẹṣin, ẹ lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe sá ẹṣin eré àsápajúdé lórí yangí, ìbáà jẹ́ fún fídíò ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ kó rìn ín, ẹ fi eré sílẹ̀ de ibi tí koríko wà. Bí ẹ bá ní àyè kékeré tí ẹ ti ń kọ́ ẹṣin, lẹ́búlẹ́bú pákó láti ọjà pákó Bódìjà tí ẹ pò mọ́ iyanrìn lè dín ìlù ilẹ̀ kù, tí ẹ bá ń tú u tí ẹ sì ń wọ́n omi sí i kó má bàa kì. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀, ẹ dúró kí ilẹ̀ mu ún dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sáré.

Ẹṣin tó bá dúró tó na ẹsẹ̀ iwájú kan síwájú tí kò fẹ́ gbé ara lé e, tàbí tó ń rìn kúkurú-kúkurú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má fi egbòogi ìrora bò ó kí ẹ lè gùn ún. Ẹ pe dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Ẹlẹ́yẹlé, inú ọkọ̀ ló sì yẹ kí ẹ fi ẹṣin náà sí bí ẹ bá ń gbé e lọ.